Ta ló ni ilẹ̀ ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn rélùwéè?

ỌmọAgége béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ni mò ń kọ́, ọdún àṣekágbá mi sì nìyí. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni mo mú fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n inú ibùdó kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Láti ẹnu géètì dé etí títì, ilẹ̀ kékeré yẹn ni mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Agége ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí ojú irin la máa ń gbà lọ sọ́jà, ibẹ̀ náà la ń gbà lọ sílé ìwé. Àwọn èèyàn ń pàtẹ sórí irin gan-an. Tí fèrè bá ti dún lókèèrè, kálukú á gbé igbá rẹ̀ kúrò, ọkọ̀ á kọjá, ọjà á tún padà sójú irin. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ, n kò sì ní í sọ pé ká padà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Red Line, ọ̀nà rélùwéè tuntun tó gba àdúgbò wa, wọ́n mọ ọgbà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó dé Òyìngbò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Màmá mi tó ń ṣòwò ní Òyìngbò kì í jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ mọ́. Ẹni tó bá sọ pé rélùwéè yìí kò ṣe wá lóore, kò gbé àdúgbò wa ni.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Ìyá ọlọ́sàn kan wà nítòsí ibùdó kan lójú ọ̀nà wa. Láàárọ̀, apá ìwọ̀-oòrùn ló máa ń jókòó sí, torí ibẹ̀ ni òjìji ilé náà ń bọ́ sí. Àpótí kékeré ló fi ń jókòó, ọ̀bẹ rẹ̀ ti fẹ́ẹ́ tán lórí òkúta ìpọ́nbẹ, ó sì to ọsàn tó ti bó sórí àtẹ ní òkìtì òkìtì. Tó bá ti ń lọ bí aago kan ọ̀sán, oòrùn á ti lé e lẹ̀ mọ́ ògiri. Á wá ru àtẹ, á gun àtẹ̀gùn afárá, á sọ̀ sí apá ìlà-oòrùn, á tún tẹ́ ọjà rẹ̀ síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ti bá a gbé àpótí rí. Ó ní bí àwọn tó ń lé ọlọ́jà kò bá wá lé òun, oòrùn á lé òun.

Tí òjò bá dé, abẹ́ àtẹ̀gùn ni gbogbo wa ń há sí, ọmọ ilé ìwé, ọlọ́kadà, ìyá tó pọnmọ. Ibi tó jẹ́ pé wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn ilé lórí pláànù, òun ló ti di pálọ̀ àdúgbò.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé ó bójú mu kí n ya ilẹ̀ ìpàtẹ, ìbòji àti ìjókòó sí ojúde ibùdó, kí n kà wọ́n mọ́ ilé náà bí mo ṣe ka géètì mọ́ ọn? Olùkọ́ mi kan ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ayàwòrán-ilé, pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni.

Bàbá Èbúté-Mẹ́ta:

Ọmọ mi, o káre láé. Iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Inú ọgbà rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta ni mo dàgbà sí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, èmi sì fi pláànù yíyà jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Tí o kò bá tíì dé Jaekel House, ilé àtijọ́ kan nínú ọgbà náà, tètè lọ. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí iṣẹ́ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó ní 1896 ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ kò dé Ìbàdàn títí di 1901. Ẹgbẹ́ Legacy, àwọn tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, ló dìde sí àtúnṣe ilé náà, John Godwin tó jẹ́ ayàwòrán-ilé sì wà nídìí rẹ̀, títí ó fi di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní 2010. Tí o bá débẹ̀, má wo fọ́tò ara ògiri nìkan. Lọ lọ́sàn-án gangan, dúró sábẹ́ igi inú ọgbà, kí o wá rìn jáde sí títì. Ara rẹ á sọ fún ọ. Àwọn tó kọ́ rélùwéè yẹn mọ̀ dáadáa pé oòrùn ń bẹ ní Èkó, wọ́n sì gbin igi yí ilé àwọn ọ̀gá òyìnbó ká. Ìmọ̀ ìbòji kò ṣọ̀wọ́n nígbà náà, kò ṣọ̀wọ́n nísinsìnyí. Ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ìbòji bò ni wọ́n ń yàn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọgbà. Àwọn kan á sọ fún ọ pé kí wọ́n wó o. Má dá wọn lóhùn. Blue Line, ọ̀nà rélùwéè Èkó mìíràn tó ń gba àárín títì Badagry, irin kẹta tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà ló ń gbé iná fún un, iná 750 fóltì. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kàn án, ó di gbére. Dísẹ́ẹ̀lì ni Red Line ń lò ní tiẹ̀, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni òun àti ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn jọ ń tọ̀, ọkọ̀ tó wúwo tó báyẹn kò sì lè dúró de ẹni tó ń kó igbá. Ọgbà gbọ́dọ̀ wà.

Ohun tí àwa tí à ń ya pláànù kì í ṣírò ni ohun tí ọgbà ń ṣe sí ẹsẹ̀ èèyàn. Tẹ́lẹ̀, èrò ń gba ibi tó wù wọ́n sọdá, káàkiri. O wá dí gbogbo rẹ̀, o fi ojú kan ṣoṣo sílẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ tó fọ́n ká wọ̀nyẹn tú dé ojú kan náà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá ti ń kọjá, ọjà ti dá síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé igbá dé. Ìwọ tí o ya ọgbà lo ya ọjà. Àtẹ̀gùn lásán ni àwọn èèyàn máa ń kọ sí i lórí pláànù, wọ́n á wá máa bínú sí ìyá tó jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wo Addis Ababa, olú ìlú Ethiopia. Wọ́n ṣí rélùwéè tiwọn ní 2015. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àárín títì ńlá ni ojú irin náà gbà, wọ́n sì mọ odi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń gbé lápá kan, tí ọjà rẹ̀ wà lápá kejì, á rìn jìnnà kó tó rí ibi sọdá. Ọkọ̀ ń gbé èrò lóòótọ́, àmọ́ àdúgbò tó jẹ́ ọ̀kan tẹ́lẹ̀ ti pín sí méjì. Ibi ìsọdá kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ tọ́ sí gbàgede gidi.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́sàn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Mú téèpù lọ, wọn àtẹ rẹ̀, wọn àpótí rẹ̀, wọn àyè tí oníbàárà ń dúró sí kó tó mú ọsàn. Àyè tó nílò kò tó ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò kan sí. Lẹ́yìn náà, ya òjìji ilé yẹn ní aago mẹ́sàn-án, ní aago méjìlá àti ní aago mẹ́rin, kí o yà á ti oṣù kẹfà àti ti oṣù kejìlá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Oòrùn Èkó kì í dúró sójú kan: ní oṣù kẹfà, apá àríwá ló ń gbà kọjá lọ́sàn-án, ní oṣù kejìlá, apá gúúsù. To àwọn ìwé náà léra. Ibi tó bá dúdú jù, ibẹ̀ ni ìjókòó. Ibi tó bá funfun jù, gbin igi fúrúùtù sí i, tàbí odán, kí o jẹ́ kó jìnnà sí ojú irin kí gbòǹgbò má bàa hú ilẹ̀. Ìyá yẹn ti ń ya àwòrán yìí fún ọ lójoojúmọ́ pẹ̀lú àtẹ lórí.

Ará Múṣin:

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rántí Òṣòdì.

Mò ń gba Òṣòdì lọ síbi iṣẹ́ kí ìjọba Fáṣọlá tó kó ọjà kúrò lójú títì àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin níbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2009. Láti ibi tí mo ti sọ̀ dé ibi tí màá ti wọ ọkọ̀ mìíràn, ọwọ́ mi kì í kúrò lórí àpò. Wọ́n já yẹtí létí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lójú mi, ẹ̀jẹ̀ bo èjìká rẹ̀, àwọn tó jókòó ti ọjà wọn ò lè sọ pé àwọn rí nǹkan kan. Ẹ̀rù ń ba àwọn náà.

Tí ẹ bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìpàtẹ, ẹni tó máa kọ́kọ́ débẹ̀ kọ́ ni ìyá ọlọ́sàn. Àwọn tó máa gbowó ilẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọlọ́sàn ni. Ní ọdún 2024, ìjọba bá yàrá 86 lábẹ́ afárá kan ní Dolphin Estate, Ìkòyí. Wọ́n ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀! Mi ò ní kí wọ́n lé ọlọ́sàn o. Ohun tí mò ń béèrè ni ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀ náà máa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Onídìrí Peckham:

Ẹ ǹlẹ́ o, gbogbo ilé. Peckham ni mò ń gbé, ní gúúsù London, irun ni mò ń dì. Ẹni tó bá mọ Rye Lane mọ̀ pé bí èèyàn bá ṣe jáde ní ibùdó Peckham Rye, ó lè gbọ́ Yorùbá kó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣu ń bẹ, ata rodo ń bẹ, léèsì ń bẹ.

Ibùdó yẹn lẹ́wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni ojú kò fi rí i. 1865 ni wọ́n ṣí i, Charles Henry Driver ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì ní ojúde gbalasa níwájú. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù bo gbogbo ojúde yẹn, èrò wá ń gba ojú tóóró kan láàárín ṣọ́ọ̀bù jáde. Ìgbìmọ̀ ìjọba Southwark wá pinnu pé kí wọ́n wó àwọn ṣọ́ọ̀bù náà, kí ojúde lè padà. Ó dáa. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ pé ó dáa.

Ṣùgbọ́n àwa ńkọ́? Blenheim Grove, ẹ̀gbẹ́ ibùdó gan-an, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù irun aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè lè má tíì ronú kan irun dídì, ọmọge kan á ti sún mọ́ ọn: "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n bá yín di irun yìí." Ojú ọ̀nà ni oníbàárà ti ń wá. Nítorí iṣẹ́ ibùdó, wọ́n ṣètò ibòmíràn fún àwọn onídìrí, Peckham Palms. Ibẹ̀ mọ́, ó sì lẹ́wà. Àmọ́ kò sí lójú ẹsẹ̀ èrò. Ẹni tó bá máa débẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ láti ilé pé òun ń lọ. Ìyàtọ̀ yẹn tó owó ilé oṣù kan fún ẹni tó ń dá ṣọ́ọ̀bù ṣe. Ọmọ mi tí ò ń ya pláànù, mítà díẹ̀ tí wọ́n bá sún ọlọ́jà kúrò lójú èrò kò hàn lórí ìwé, inú àpò ọlọ́jà ló ti ń hàn.

Ará Múṣin, ìbéèrè kọ́kọ́rọ́ yẹn kì í ṣe ti Èkó nìkan. Àwọn ihò abẹ́ afárá rélùwéè níbí, tí mẹkáníìkì, ṣọ́ọ̀ṣì àti alásè ń lò, bí 5,200 wọn ni Network Rail, ilé iṣẹ́ tó ni ojú irin níbí, ta lẹ́ẹ̀kan náà ní 2019, lísì ọdún 150, ní bílíọ̀nù 1.46 pọ́n-ùn. Blackstone, ilé iṣẹ́ olówó ńlá ti Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó rà á. Ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe nínú ihò kan ṣoṣo kò tún mọ ẹni tó lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ fún oṣù kan sí i. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ń lo ilẹ̀ sínú ìwé ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tí o bá sì fẹ́ rí èyí tó wù mí, wá fọ́tò Canada Water wò, ibùdó kan ní London níbí. Ní 2011, wọ́n ṣí ilé ìkàwé sí ojú ibùdó gan-an. Bí ọmọ bá ti gòkè látinú ọkọ̀, ilé ìkàwé ni ojú rẹ̀ ń bá pàdé. Ó lè wọlé jókòó láìra nǹkan kan.

Èrò Mile 2:

Ẹ fi inú ọkọ̀ náà kún un. Àwọn bàbá wa ti ń retí rẹ̀ láti ayé Jákàńdè, gómìnà tó fẹ́ kọ́ rélùwéè Metroline fún Èkó, kí ìjọba ológun tó fagi lé e ní 1985. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní National Theatre, tó gun afárá, omi á yọ lọ́tùn-ún lósì, gbogbo èèyàn á gbójú kúrò lára fóònù. Omi ló yí Èkó ká, síbẹ̀ ìgbà wo ni tálákà ń fi ara balẹ̀ rí i? Marina àtijọ́, ibi ìnàjú etí omi ni, títì ńlá tí wọ́n là síbẹ̀ láàárín 1970 sí 1979 ló gba etí omi lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀. Rélùwéè ti dá ìran omi padà fún wa. Kí wọ́n dá etí omi náà padà, kí ẹni tó bá sọ̀ ní Marina lè fi ẹsẹ̀ rìn lábẹ́ ìbòji, kó wo omi títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀ kó tó wọ ọ́fíìsì.

ỌmọAgége:

Ẹ ṣeun gan-an ni, bàbá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti padà lọ bá ìyá ọlọ́sàn, mo sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ó ní òun ń sanwó láàárọ̀ fún àwọn kan lápá ìwọ̀-oòrùn, òun tún ń san òmíràn lọ́sàn-án fún àwọn mìíràn lápá kejì, kò sì sí rìsíìtì lápá méjèèjì. Òjìji ń ná an lówó! Ó ní tí òun bá lè san ẹyọ kan, kí wọ́n fún òun ní rìsíìtì, kí ẹnikẹ́ni má da ọsàn òun nù, òun á san án tayọ̀tayọ̀. Bàbá, báwo ni mo ṣe máa ya ìyẹn?

Bàbá Èbúté-Mẹ́ta:

O lè yà á. Ará Múṣin sọ òtítọ́ nípa Òṣòdì, mo wà ní Èkó nígbà yẹn. Ohun tó ba Òṣòdì jẹ́ ni pé ojú ọ̀nà èrò, ojú ìpàtẹ àti ojú bọ́ọ̀sì jẹ́ ọ̀kan náà, ẹni tó bá fẹ́ jalè sì rí igun sá wọ̀ níbi gbogbo. Nítorí náà, la ojú ọ̀nà gbọọrọ láti géètì dé etí títì, kí ẹni tó dúró ní géètì lè rí ẹsẹ̀ ẹni tó wà ní títì. Kí ìpàtẹ wà lápá kan rẹ̀ péré, kí ẹ̀yìn ìpàtẹ má sì ní kọ̀rọ̀. Gbé iná sí i. Gbé ẹ̀rọ omi àti ilé ìyàgbẹ́ sí i, torí ẹni tó bá jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ gbọ́dọ̀ rí ibi tọ̀.

Ní ti kọ́kọ́rọ́, ọjà Yorùbá kì í wà láìní olórí. Ìyálọ́jà ń bẹ, ẹgbẹ́ ọlọ́sàn ń bẹ, ẹgbẹ́ aláta ń bẹ. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń parí ìjà, wọ́n mọ orúkọ ẹni tó ń jókòó síbi kọ̀ọ̀kan. Ya yàrá kékeré kan fún wọn ní ẹnu ojúde, kó ní fèrèsé tó kọjú sí ìpàtẹ, kí o kọ ọ́ sí i pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba rìsíìtì. Nọ́ńbà ni kí o fi sí ilẹ̀ ìpàtẹ kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà náà sì wà nínú ìwé tí wọ́n fi gba ilẹ̀ ibùdó. Ohun tó bá wà lórí pláànù tí wọ́n bu ọwọ́ lù, ẹni tó fẹ́ lé e á kọ́kọ́ wá ìwé.

Kí o tó ya ìbòji kankan, bá mi wá ibi tí àgbàrá ń gbà. Gba ìwọ̀n gíga ilẹ̀ náà láti géètì dé títì, kí o wo gọ́tà tó wà níbẹ̀ bóyá ó ń ṣàn tàbí ó ti dí. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tí ojú irin yìí gbà kọjá ni omi òjò ń yọ lẹ́nu. Tí ilẹ̀ ìpàtẹ rẹ bá fi ìka mẹ́rin rẹlẹ̀ ju títì lọ, òjò oṣù kẹfà á gbé e, ìyá ọlọ́sàn á sì padà sórí àtẹ̀gùn. Fi àwòrán gọ́tà yẹn ránṣẹ́ sí mi, kí n wò ó kí o tó gbé e lọ síwájú olùkọ́ rẹ.